Ẹni Tó Di Okùn Mú

Àwọn mẹ́ta ló wáṣẹ́ wá sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Másífà,
lọ́sẹ̀ kejì tí ọyẹ́ dé sí Ògbómọ̀ṣọ́,
nígbà tí kànga ìdajì àdúgbò ti ń fi ìsàlẹ̀ han garawa.
Èmi opó Láòṣebíkan agbẹ́kànga,
mo jókòó sórí táyà ọkọ̀ tó ti kú,
òkúta wẹ́wẹ́ kún itan mi.
Mi ò wo apá, mi ò wo àyà.
Mo ní, "Ẹ sọ kànga tí ẹ ti gbẹ́ rí fún mi."

Gbádégẹṣin ló kọ́kọ́ lanu.
"Èmi ni mo gbẹ́ ti mọ́ṣáláṣí lọ́nà Ìkòyí-Ilé,
èmi ni mo fọ́ àpáta, èmi ni mo kan omi,
èmi..."
Bó bá ti pe èmi kan, mo ju òkúta kan sílẹ̀.
Kó tó sinmi, itan mi ti fúyẹ́.

Èkejì ní òun ò gbẹ́ ilẹ̀ rí, òun á kọ́ ọ.
Mo fẹ́ràn ẹnu rẹ̀,
ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó lọ, kò padà.

Jìmọ́ fún fìlà rẹ̀ mọ́wọ́.
"A gbẹ́ mẹ́rin ní Orílé Igbọ́n.
Ràímì wà nísàlẹ̀, Ọ̀jẹ́tọ́lá ń da iyẹ̀pẹ̀, èmi ń fa okùn.
Ẹ̀kẹrin, omi ò sí ńbẹ̀. Àwa náà la ṣì í wò."
Òkúta kan péré ló bọ́.

Ẹ ti rò pé Jìmọ́ nìkan ni mo gbà.
Àwọn méjèèjì ni.
Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n;
àmọ́ ta ló jókòó ti àwọn ìka
tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ká pọ̀?

Òfin ọkọ mi nìyí, mi ò yí i padà:
ẹni tí kò bá tíì wọ ìsàlẹ̀,
tí kò tíì rí ojú ọ̀run kó kéré bí ìdérí ìkòkò,
kò gbọdọ̀ di okùn ọmọ ẹlòmíràn mú.
Ẹni tí kò bá sì tíì fa okùn
títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó,
kò gbọdọ̀ bú ẹni tó wà lókè pé ọwọ́ rẹ̀ ò yá.
Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń pààrọ̀.
Gbádégẹṣin ń kùn. Ó ní okùn fífà, iṣẹ́ ọmọdé ni.
Owó wọn dọ́gba; ó tún kùn sí ìyẹn.
Mo fi í sílẹ̀ kó kùn.

Ní Ìjẹrù, ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà,
Gbádégẹṣin wà nísàlẹ̀, ó ń kọrin bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀.
Orin dákẹ́.
Kò ké. Ẹni tí afẹ́fẹ́ ń tán mọ́ nínú kì í ké.
Ṣùgbọ́n Jìmọ́ ti wà níbẹ̀ rí:
ó mọ ìdákẹ́ ẹni tó ń nu òógùn,
ó mọ ìdákẹ́ kejì.
Kò bi mí, kò wojú mi. Ó fa okùn ìbàdí ọkùnrin náà.
Mo fà tẹ̀lé e, èmi arúgbó, ìró mi já sílẹ̀,
kò sẹ́ni tó rí tìró rò.

Nígbà tó mí, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni
"Ṣọ́bìrì wa ṣì wà nísàlẹ̀."
Wa.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣa òkúta kan nílẹ̀, mo fi í sápò.

Lọ́jọ́ tí omi rú, onílé bi wọ́n pé ta ló kàn án.
"Èmi," ni Gbádégẹṣin wí,
ó wúkọ́,
"èmi àti Jìmọ́."
Ó ṣì fi èmi ṣáájú.
Kò burú. Ẹsẹ̀ bàtà kan lóòjọ́
ni wọ́n ń gbẹ́ àpáta.